Ọwọ́ Bàbá Mi ní Lenox Avenue

Ọdún tí bàbá mi kú, mi ò lè lọ sílé. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, lọ́yà sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ nígbà yẹn, mo lè máà rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ìbàdàn ni wọ́n sin ín sí, Harlem, ní New York, ni mo ti wò ó lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi fọ́tò 37 ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ti ìsìnkú àti àwọn ti àtijọ́ tó rí nínú àpótí. Mo lọ tẹ gbogbo wọn jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan lórí 125th Street, mo kó wọn sínú àpòòwé, mo tì wọ́n bọ abẹ́ ìrọ̀rí mi. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi wà níbẹ̀ tí mi ò yọ wọ́n wò.

Ẹni tó jẹ́ kí n yọ wọ́n jáde ni màmá àgbàlagbà kan, ọmọ bíbí Harlem, tó máa ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ́láàjì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé-ìkàwé àdúgbò wa lọ́sàn-án Sátidé. Kọ́láàjì ni pé kí a gé ìwé, aṣọ, fọ́tò, ohunkóhun tó bá ṣe é gé, kí a lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí tàbí pátákó títí wọ́n á fi di àwòrán mìíràn. Oṣù kejì ọdún ni, òtútù mú, mo kàn fẹ́ jókòó síbi tó móoru ni. Lópin ìjókòó yẹn, màmá ní kí kálukú mú fọ́tò kan tó fẹ́ràn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mú ti bàbá mi lọ. Ó gbé àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ mi kọ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi á mọ ìdí rẹ̀. Nílé wa, a kì í fa fọ́tò èèyàn ya. Bí ẹnì kan bá ti ṣẹ̀ ọ́, o lè yí fọ́tò rẹ̀ dojú kọ ògiri, ṣùgbọ́n bí o bá mú ohun mímú tí o gé orí rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, àwọn àgbà á pe ìpàdé lé ọ lórí. Ti òkú wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún màmá pé mi ò lè gé e. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n lọ wo iṣẹ́ ayàwòrán kan, Romare Bearden, ná, kí n tó padà wá.

Mo lọ wò ó. Ọdún mẹ́ta ti kọjá, mi ò tíì wò ó tán.

Charlotte, ní North Carolina, ni wọ́n ti bí Bearden, ní 2 September 1911. Ó kéré gan-an nígbà táwọn òbí rẹ̀ kó wá sí New York, lára ogunlọ́gọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ń kúrò ní Gúúsù orílẹ̀-èdè náà nítorí ìyà àti ìpànìyàn. Ìyá rẹ̀, Bessye Bearden, jẹ́ oníròyìn fún ìwé ìròyìn Chicago Defender, ẹsẹ̀ àlejò kì í sì í dá nílé wọn ní Harlem. Duke Ellington, olórin, ń yà níbẹ̀, Langston Hughes, akéwì, náà ń yà níbẹ̀. Ọmọ náà lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Pittsburgh nígbà kan, níbi tí ìyá àgbà ti ń fi yàrá háyà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ irin. Gúúsù, Pittsburgh, Harlem: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ ó máa rí nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí dọjọ́ ikú.

Ohun tó mú mi dúró tì í jù ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú ni. Láti àárín àwọn ọdún 1930 títí di 1969, bí a bá yọ ìgbà tó ṣe iṣẹ́ ológun àti ìgbà tó lọ sí Paris kúrò, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fáwọn aláìní ló ń ṣe jẹun ní New York. Iṣẹ́ náà ni pé kí o wọ ilé onílé, kí o jókòó nídìí ààrò wọn, kí o béèrè iye ọmọ tí wọ́n bí àti ohun tó kù fún wọn láti jẹ. Alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Mo mọ irú ayé bẹ́ẹ̀, torí pé ilé ìtọ́jú arúgbó lèmi náà ti ń ṣiṣẹ́, mo mọ bí iyàrá ẹlòmíì ṣe máa ń tẹ̀ lé èèyàn délé. Ẹ bá wo àwọn iyàrá inú kọ́láàjì rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò ṣe wọ́n bí ẹni tó yọjú lójú fèrèsé. Ó mọ ibi tí wọ́n máa ń gbé ọpọ́n ìwẹ̀ sí.

Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún kí kọ́láàjì tó gbà á lọ́kàn. Ní July 1963, àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú kan péjọ sí iyàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Canal Street, ní ìsàlẹ̀ Manhattan. Norman Lewis wà níbẹ̀, Hale Woodruff àti Charles Alston náà wà níbẹ̀. Ìwọ́de ńlá sí Washington ń bọ̀ ní 28 August, wọ́n sì ń bi ara wọn pé kí ni ẹni tó ń fi ọ̀dà ṣiṣẹ́ lè dá sí ọ̀rọ̀ òmìnira. Wọ́n pe ẹgbẹ́ náà ní Spiral. Bearden dábàá pé kí gbogbo wọn jọ ṣe kọ́láàjì kan ṣoṣo, ó kó àwòrán tó ti gé látinú ìwé ìròyìn kalẹ̀ níwájú wọn. Kò wọ̀ wọ́n lára. Ó kó àwọn ìrépé rẹ̀ sọ́dọ̀, òun nìkan wá dá a ṣe.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ò tóbi. Ó wá gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe photostat, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ sórí ìwé tààrà, tó sì lè sọ ọ́ di ńlá. Àwòrán tó tó ojú ìwé di ohun tó ga bí ọmọdé, ní dúdú àti funfun. Oníléeṣẹ́ àfihàn kan, Arne Ekstrom, rí wọn, ó sì ṣe àfihàn wọn ní October 1964. Projections ni wọ́n pe àfihàn náà.

Nínú wọn, ojú ẹnì kan lè jẹ́ ti èèyàn mẹ́rin. Ẹyinjú ọ̀tún tóbi ju tòsì lọ, imú jẹ́ ti ìbòjú onígi láti Áfíríkà, ẹnu jẹ́ ti ọkùnrin kan nínú ìwé ìròyìn. Ọwọ́ máa ń tóbi ju orí lọ. Nínú The Dove, tó ṣe lọ́dún 1964 kan náà, àdàbà funfun bà sókè ẹnu ọ̀nà, àwọn èèyàn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jókòó pẹ̀lú ọwọ́ tó wúwo bí ẹni pé inú ọwọ́ yẹn ni gbogbo ìtàn wọn wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo padà lọ wò ó ni mo tó rí i pé kò sí ẹni tó gé lára nínú àwọn èèyàn yẹn. Ńṣe ló ń kó èèyàn jọ.

Bearden kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ kọ́láàjì. Paris ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, látinú ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí pé kí a lẹ nǹkan. Ní 1912, ayàwòrán Picasso lẹ aṣọ onírọ́bà tí wọ́n tẹ àwòrán ìjókòó híhun sí lára mọ́ inú àwòrán kan. Lọ́dún yẹn náà, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Braque, ra ìwé tí wọ́n fi ń bo ògiri, èyí tó dà bí ojú igi, ó gé e lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, kọ́láàjì dé Berlin, ó sì túbọ̀ mú. Hannah Höch àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn olóṣèlú àti ọ̀gágun kúrò nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ń gbé orí wọn lé ara ẹlòmíì, kí aráyé lè rí ohun tí wọ́n jẹ́. George Grosz wà láàárín wọn. Ní 1933, Grosz kó wá sí New York, ó ń kọ́ni ní Art Students League lórí West 57th Street, Bearden sì wà lára àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀. Ó lé lógún ọdún kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó gbé àlùmọ́gàjí fúnra rẹ̀. Berlin fi ń bú ọ̀tá, Bearden wá fi ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ ní orúkọ. Tèmi ni pé ìyẹn ṣòro jù.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó gba ọkàn mi jù ni The Block, tó ṣe ní 1971. Ó wà lọ́wọ́ Metropolitan Museum, lórí Fifth Avenue. Pátákó mẹ́fà ni wọ́n tò sí ara wọn, ẹsẹ̀ bàtà 18 ni gígùn rẹ̀, 4 ni gíga. Lenox Avenue ni, láàárín 132nd sí 133rd Street, bí ó ṣe rí láti ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, òǹkọ̀wé Albert Murray, tó ń gbé lókè lódìkejì títì. Ṣọ́ọ̀bù agẹrun wà níbẹ̀, ilé ìtajà oúnjẹ wà ní kọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń ṣeré, àwọn àgbà jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìsìnkú ń lọ lọ́wọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Níbi tí ògiri yẹ kó ti bo ilé, ó ti la ògiri náà, ẹ ó sì rí iyàrá: ẹnì kan ń wẹ̀, ẹni méjì wà lórí ibùsùn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní Museum of Modern Art lọ́dún 1971, ohùn títì tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ níwájú rẹ̀ ni etí ìwé. Bearden ò fi etí ìwé pamọ́. Bíríkì ilé kan kàn parí ni, òmíràn bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ wọn ò sì bára mu. Ibi tí wọ́n ti pàdé hàn gbangba. Mo dúró débi tí ẹ̀ṣọ́ fi wá bi mí bóyá ara mi yá. Ara mi yá. Àpò ìrẹsì kan ni mo ń rántí.

Aránṣọ ni bàbá mi. Ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan ló ní, tábìlì tó fi ń gé aṣọ, àti àpò ìrẹsì ńlá kan lábẹ́ tábìlì náà tí ìrépé ń bọ́ sí. Ohunkóhun kì í ṣòfò nínú àpò yẹn. Wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ la fi ń kún ìrọ̀rí tí gbogbo wa sùn lé. Èyí tó bá fẹ̀ díẹ̀ á lọ sí orúnkún ṣòkòtò ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọkùnrin ilé wa. Bí ọdún eégún bá sì ti ń súnmọ́, agboolé kan nítòsí á gbé ẹ̀kú wọn wá. Kristẹni ni bàbá mi, kì í tẹ̀ lé eégún jáde, ṣùgbọ́n ní gbogbo àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó mọ abala rán tó o. Àwọn ọmọ agboolé náà á kó aṣọ tuntun wá lọ́dọọdún. Wọn ò ní kí ó tú ti àtijọ́ kúrò. Orí rẹ̀ ni yóò rán tuntun lé, etí rẹ̀ á rí ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín ayùn. Sányán baba ńlá wọn wà nísàlẹ̀, dàmásìkì ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé wà lókè. Bí eégún bá wá ń pòyì, abala wọ̀nyẹn á fẹ́ sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èèyàn á rí gbogbo wọn, tàgbà tọmọdé.

Mi ò sọ pé Bearden rí eégún Ìbàdàn rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú tí bàbá mi fún mi ni mo fi rí The Block.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí, nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ní Harlem yìí, ní 1960, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Detroit, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Walter King, dá Yoruba Temple sílẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ni ó ti lọ ṣe òrìṣà ní Matanzas, ní Kúbà. Oseijeman Adefunmi ló wá ń jẹ́. Kí Bearden tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìwé ní Canal Street, àwọn aláwọ̀ dúdú kan ti ń kọ orin òrìṣà ní Harlem. Ní 1970 ni Adefunmi kó lọ sí South Carolina, níbi tó tẹ abúlé Ọ̀yọ́túnjí dó sí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, mo máa ń sọ láàárín àwọn ọmọ ilé wa pé Yorùbá àwọn èèyàn yẹn kò dán mọ́rán, pé ìdajì rẹ̀ ti Kúbà wá, ìdajì rẹ̀ inú ìwé ni wọ́n ti kà á. Mo tọrọ ìdáríjì. Wọ́n já ilé gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n já orúkọ gbà, wọ́n já èdè gbà, wọ́n sì ṣa èyí tí ọwọ́ wọn bà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí etí rẹ̀ bá hàn, ẹ jẹ́ kó hàn.

Faith Ringgold náà, ọmọ Harlem ni, wọ́n bí i ní 1930. Aṣọ ló lò ju ìwé lọ. Ní 1980 ó ṣe aṣọ ìbora alábala rẹ̀ àkọ́kọ́, Echoes of Harlem, òun àti ìyá rẹ̀, Willi Posey, tó jẹ́ aránṣọ àti aṣèdá àrà aṣọ, ni wọ́n jọ ṣe é. Ìyá àti ọmọ nídìí aṣọ kan náà. Mo ń jowú wọn. Wangechi Mutu, ọmọ Kẹ́ńyà tó di ará Brooklyn, gé àwòrán látinú ìwé ìṣègùn àtijọ́, ó sọ àwòrán ara obìnrin tó ń ṣàìsàn di ojú èèyàn. N kì í lè wò ó pẹ́, nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo máa ń padà lọ.

Ní ilé-ìkàwé wa, ohun tí màmá ń kọ́ wa kò ju kí a mọ bí ìwé ṣe ń hùwà lọ. Ìwé máa ń fẹ̀ bí gọ́ọ̀mù bá ti rin ín. Bí o bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kan páálí nìkan, páálí náà á ká bí ewé gbígbẹ nígbà tó bá gbẹ, nítorí náà o gbọ́dọ̀ lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, kí ìhà méjèèjì lè fa ara wọn dọ́gba. Ìwé ìròyìn máa ń pọ́n, torí pé àwọn èròjà igi tó wà nínú rẹ̀ máa ń yí padà bí oòrùn bá ti ń pa á. Fi burọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ pa gọ́ọ̀mù láti àárín lọ sí etí, kí atẹ́gùn má bàa há sábẹ́. Bí ìwé bá gbé ẹ̀fúùfù, fi abẹ́rẹ́ gún un. Ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ tútù la fi ń lẹ páálí nígbà tá a wà lọ́mọdé. Mo sọ fún màmá, ó ní kí n sè é wá. Mo sè é lọ́sẹ̀ kejì, ó lẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá síbẹ̀ máa ń ní fóònù lè ṣe gbogbo èyí ní ìṣẹ́jú kan. Ó lè ṣe é, àwọn kan sì ń fi ṣe ohun tó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ìka mi fẹ́ mọ ibi tí ìwé kan ti ga ju èkejì lọ. Lórí gíláàsì, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú.

Títì náà fúnra rẹ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́. Lenox Avenue ti ń jẹ́ Malcolm X Boulevard pẹ̀lú láti 1987, orúkọ méjèèjì ló sì wà lórí òpó. Lára òpó iná kan tó wà lọ́nà ibi tí mo ti ń wọkọ̀ ojú irin, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ìwé títí ó fi nípọn bí ìwé Bíbélì: ìpàdé àdúrà, yàrá fún háyà, ajá tó sọnù, oníṣòwò tó ń ra ilé lówó. Òjò ti bó apá kan, ẹ sì lè ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́ta láti ọdún mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀ nígbà tí mo dé ti di ilé kọfí. Owó ilé ń lé àwọn èèyàn lọ, èyí tí òpó yẹn mọ̀ nípa wọn lè ju èyí tí ìjọba mọ̀ lọ.

Photostat yẹn ló tú mi sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Bearden ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀dà yẹn tó ti sọ di ńlá ló sì lọ sí gbangba. Ní Sátidé kan, mo kó àpòòwé mi lọ sí ilé-ìkàwé. N kò mú ti ìsìnkú. Mo mú èyí tí bàbá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ṣọ́ọ̀kì ìfàlà mú, mo gbé e sórí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, mo sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, lẹ́yìn náà ìlọ́po mẹ́rin. Mo dá fọ́tò náà padà sínú àpòòwé ná. Mo wá gbé àlùmọ́gàjí.

Ọwọ́ nìkan ni mo gé. Wákàtí kan ni mo fi gé e, nítorí àwọn ìka. Ṣáájú ìgbà yẹn mo ti lọ dúró ní Lenox Avenue, láàárín 132nd sí 133rd, mo ya fọ́tò àwọn ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, mo sì ti lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí pẹ̀lú ìrépé àǹkárá mi. Ojú fèrèsé kan ni mo là sílẹ̀ ní àjà kẹta. Ibẹ̀ ni mo lẹ ọwọ́ náà sí. Ó tóbi ju fèrèsé lọ, ó tóbi ju ilé lọ, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan títì. Màmá wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó lọ fi omi sórí iná.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Màmi n'Íbàdàn. Ó pè mí kí n tó dé ilé.

"Ọwọ́ ta nìyí?" ló kọ́kọ́ wí. Kí n tó fèsì, ó ti rí àpá abẹ́rẹ́ tó wà ní àtàǹpàkò. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bàbá yín ni. Ìyókù wọn ńkọ́?"

Mo sọ fún un pé mo ti gbé fọ́tò náà kọ́ sókè ibùsùn mi, lódindi.